Ibi Tí Wọ́n Máa Sùn Ló Fẹ́ Da Ìrìn Àjò Rú

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ kó ẹbí rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ wo ilé tí wọ́n máa sùn kó tó di ẹrù. Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa, owó á lọ, ara á ro, ọ̀rọ̀ á sì di ìjà láàrin ọkọ àti ìyàwó. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ìdílé Yorùbá kan tó ń gbé ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Bàbá ilé yìí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá ilé ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: ọkùnrin ọmọ ọdún 11, obìnrin ọmọ ọdún 7, àti àbíkẹ́yìn ọkùnrin tí yóò pé ọdún 3 nínú oṣù August. Lọ́dún náà, ìyá tó bí ìyàwó wá kí wọn láti Ìbàdàn. Èlùbọ́ ni màmá yìí ń tà ní ọjà Bódìjà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà nídìí ẹ̀. Màmá Ìbàdàn ni àwọn ọmọ ń pè wọ́n. Orúnkún ń dun Màmá, àmọ́ ojú wọn ṣì ríran kedere, orí wọn sì mọ ìṣirò owó ju ti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe é lọ.

Bàbá ti ṣèlérí fáwọn ọmọ pé tí wọ́n bá yege nílé ìwé, òun á kó wọn lọ sí ọgbà eré ńlá tí wọ́n ń pè ní Walt Disney World, tó wà lẹ́bàá ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida. Àwọn ọmọ yege. Bàbá ò lè yẹhùn. Ó ní òun á fi mọ́tò gbé wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn náà súnmọ́ 1,000 máìlì. Oṣù July ni wọ́n fi í sí, torí ilé ìwé ti gba ìsinmi, àti pé wọ́n fẹ́ lọ kí àbíkẹ́yìn tó pé ọdún 3. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í san kọ́bọ̀ láti wọ ọgbà náà. Láti ọdún 3 sí 9, owó ọmọdé ni wọ́n ń gbà. Tó bá ti di ọmọ ọdún 10, owó àgbàlagbà ló máa san, bó tilẹ̀ ṣì ń sunkún tọ ìyá ẹ̀ lẹ́yìn.

Gbogbo ìyẹn ni bàbá ti rò. Ibi tí wọ́n máa sùn nìkan ló ṣẹ́ kù, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

ẸNU Ò KÒ

Ìyàwó ní inú ọgbà náà ni kí àwọn sùn, ní ọ̀kan nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tí ilé iṣẹ́ Disney fúnra ẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ wọn. Ọkọ ní kò jọ ọ́. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé olówó pọ́ọ́kú kún ìlú Kissimmee fọ́fọ́, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 192, tí kò jìnnà sí ọgbà.

"Dádì, èèyàn mẹ́fà ni wá o. Orúnkún sì ń dun Màmá," ni ìyàwó wí.

"Tí èèyàn bá ti sùn, ṣé ojú tó dì mọ iye tí wọ́n san lórí bẹ́ẹ̀dì ni?" ni ọkọ fi dá a lóhùn. "Èmi tí mò ń wakọ̀ ni mo mọ bí owó ṣe ń wọlé."

"Ṣé èmi náà ò ṣiṣẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ wá di gbas-gbos. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kálukú jẹun tiẹ̀ lọ́tọ̀. Màmá Ìbàdàn rí i, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyá ìyàwó kì í sáré dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó pe ọmọ-ọmọ wọn àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọkọ mi, wá là mí lọ́yẹ̀. Ẹni tó ń ta eré, kí ló kàn án nínú kó tún máa ta oorun?"

Ọmọ náà ti kà nípa ẹ̀ nílé ìwé. Ó jókòó ti Màmá, ó ro ìtàn náà fún wọn.

ỌGBỌ́N ONÍṢÒWÒ

Walt Disney, ọkùnrin tó ń ṣe fíìmù àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ ṣí ọgbà eré kan tó pè ní Disneyland ní ìlú Anaheim, ìpínlẹ̀ California, lọ́jọ́ 17 oṣù July ọdún 1955. Èrò ya bo ibẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tó rà kò tóbi tó. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ yí ọgbà náà ká. Disney ló pe èrò, àwọn aládùúgbò ló ń gba owó oorun wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣe èkejì ní Florida, láàrin ọdún 1964 sí 1965, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ni. Orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ló fi ń ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn onílẹ̀ má baà gbówó lé e. Kí àṣírí tó tú ní oṣù October ọdún 1965, ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti tó nǹkan bí 27,000 éékà. Disney ò fojú rí i parí. Ó kú ní oṣù December ọdún 1966. Roy ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bá a parí iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí ọgbà àkọ́kọ́, Magic Kingdom, lọ́jọ́ kìíní oṣù October ọdún 1971. Hòtẹ́ẹ̀lì méjì ló bá a ṣí lọ́dún náà, Contemporary àti Polynesian.

Lónìí, ọgbà eré ńlá mẹ́rin ló wà lórí ilẹ̀ náà: Magic Kingdom, Epcot, tó ṣí ní 1982, èyí tí wọ́n ń pè ní Hollywood Studios báyìí, tó ṣí ní 1989, àti Animal Kingdom, tó ṣí ní 1998. Hòtẹ́ẹ̀lì tiwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní ogún.

Màmá Ìbàdàn bú sẹ́rìn-ín. "Oníṣòwò gidi ni bàbá yẹn! Òun ló pe èrò wá sọ́jà, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa gba owó ìsọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà yẹn kì í ṣe owó bẹ́ẹ̀dì lásán. Nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ọn. Pe bàbá àti ìyá ẹ wá fún mi."

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ OWÓ OORUN

Gbogbo wọn pé sí pálọ̀. Ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló máa gbé e lọ sí ọgbà, wọ́n á jẹ́ kó wọlé ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú àwọn èrò tó kù, tó bá sì gbé mọ́tò lọ sí ọgbà, kò ní san owó ìgbọ́kọ̀sí.

Ọkọ ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan níta náà ní bọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń lọ lójúmọ́?" ni Màmá bi í.

Ọkọ dákẹ́. Ó ti kà á pé bọ́ọ̀sì àwọn kan kì í ju ìgbà méjì mẹ́ta lọ lóòjọ́.

"Tá a bá wá gbé mọ́tò tiwa, ibo ló máa já wa sí?"

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, dẹ́rẹ́bà ò lè purọ́ nípa ọ̀nà. Ó ní ní ti Magic Kingdom, mọ́tò ẹni tó ti ìta wá kì í dé ẹnu ọ̀nà. Pápá ńlá kan wà tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Láti ibẹ̀, èèyàn á lọ sí ibùdókọ̀, á wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń sá lókè tàbí ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá adágún, kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá di alẹ́ tí gbogbo èrò ń lọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa padà gbà. Àmọ́ bọ́ọ̀sì tó bá ti hòtẹ́ẹ̀lì Disney wá, ìtòsí ẹnu ọ̀nà ló ń já èrò sí.

Màmá fọwọ́ pa orúnkún wọn. Ọ̀rọ̀ yé ọkọ.

Inú ìyàwó fẹ́ máa dùn, ni Màmá bá kọjú sí òun náà. "Ìwọ ńkọ́? Yàrá tó ò ń wí yẹn, èèyàn mélòó ló ń gbà?"

Ìyàwó ní àwọn tí owó wọn rọjú jù lọ, bí i All-Star àti Pop Century, èèyàn mẹ́rin ni yàrá wọn ń gbà. Èèyàn mẹ́fà á gba yàrá méjì, tàbí kí wọ́n gba yàrá ẹlẹ́bí tó wà ní Art of Animation, tó ń gba èèyàn mẹ́fà, tó sì ní fíríìjì àti ibi tí wọ́n ti lè gbóúnjẹ kaná. Owó ìyẹn ò sì kéré. Àwọn tó wọ́n jù wà lókè ẹ̀. Contemporary wà, tí ọkọ̀ ojú irin ń gba inú ilé náà kọjá. Animal Kingdom Lodge wà, tó ṣí ní 2001, níbi tí àgùnfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ti ń jẹko lábẹ́ fèrèsé. Fort Wilderness náà wà, níbi tí èèyàn ti lè pàgọ́ sínú igbó.

"Àgọ́ kẹ̀?" ni ọkọ wí. "Mo ti sùn sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó láyé mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Màmá bi wọ́n pé: "Alẹ́ mélòó lẹ máa sùn níbẹ̀?"

"Márùn-ún, mà."

"Ọjọ́ mélòó lẹ máa wọ ọgbà?"

"Méjì, mà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ wá rí i? Ẹni tó fẹ́ pàtẹ fún ọjọ́ méjì, kí ló dé tó fẹ́ san owó ìsọ̀ ọjọ́ márùn-ún? Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ àti wíwọlé ṣáájú èrò, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń sinmi nílé?"

Ìyàwó ò lè dáhùn.

OWÓ TÍ WỌN Ò KỌ SÍTA

Màmá ní kí wọ́n tún ṣírò hòtẹ́ẹ̀lì ìta bó ṣe yẹ, kí ẹnikẹ́ni má tan ara ẹ̀ jẹ. Wọ́n mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní yàrá kan jẹ́ 100 dọ́là lálẹ́ ọjọ́ kan. Èèyàn mẹ́fà á gba yàrá méjì, ó di 200. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ìta ló ní owó àfikún tí wọ́n ń pè ní resort fee. Ká ní ó jẹ́ 20 dọ́là lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, ó di 240. Owó orí tún kù. Ní Osceola, ìyẹn ẹkùn tí Kissimmee wà, dọ́là 13 àti ààbọ̀ ni owó orí lórí 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ní ẹkùn Orange, tí Orlando wà, ó jẹ́ 12 àti ààbọ̀. Owó orí Osceola lórí 240 jẹ́ 32 dọ́là àti 40 sẹ́ǹtì. Ó ti di 272 dọ́là àti 40 sẹ́ǹtì. Owó ìgbọ́kọ̀sí hòtẹ́ẹ̀lì ò tíì wọ̀ ọ́, ti ọgbà náà ò tíì wọ̀ ọ́, oúnjẹ òwúrọ̀ èèyàn mẹ́fà náà ò tíì wọ̀ ọ́.

"Ọgọ́rùn-ún lẹnu fi kó wa wọlé," ni Màmá wí, "igba ó lé àádọ́rin ló fẹ́ jáde lápò."

Láti ọjọ́ 12 oṣù May ọdún 2025, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ka irú owó àfikún tó pọn dandan bẹ́ẹ̀ mọ́ iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ síta. Àmọ́ owó orí ṣì lè yọjú nígbẹ̀yìn. Iye tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kí èèyàn máa wò.

Ọkọ wá ní: "Tó bá jẹ́ odindi ilé la gbà ńkọ́, mà? Yàrá mẹ́rin, ilé ìdáná, odò ìlúwẹ̀ẹ́ tiwa."

Ojú Màmá tàn. Ilé ìdáná túmọ̀ sí pé àmàlà máa délẹ̀. Wọ́n bi í pé èló ni. Nígbà tó dárúkọ iye tó rí, ìyàwó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì iye yẹn níbi tí òun ti wò.

"Inú oṣù July tí èrò pọ̀, kí ló dé tí tiẹ̀ fi wọ́n pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀?" ni Màmá bi í.

Ọkọ ní òun fẹ́ lọ wo mọ́tò níta. Kò padà wọlé títí wọ́n fi tú ká.

ỌKÙNRIN NÍNÚ ÒKÙNKÙN

Ó ti kọjá agogo méjìlá òru tí Màmá dìde lọ mu omi. Wọ́n bá àna wọn ní ilé ìdáná, kò tan iná, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí, mà."

"Mo ti ń tajà kí ẹ tó dáyé. Ojú ẹni tí wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ ò ṣàjèjì sí mi. Èló lẹ ti fún wọn?"

Ọkùnrin náà dorí kodò. Ó ní 500 dọ́là ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti fi ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ìdí nìyẹn tó fi ń jà fún Kissimmee. Ẹni tó pe ara ẹ̀ ní onílé ní kí wọ́n má sanwó lórí ibi tí òun polówó ilé sí, kí wọ́n parí ẹ̀ láàrin ara wọn níta kí owó lè dín kù. Ó tún ti ń dúnkookò báyìí pé kó fi 700 tó kù ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn á gba ilé.

Màmá jókòó. "Ẹni tó ní ká kúrò lójú ọjà ká tó sanwó, ohun tó fẹ́ tà ni kò fẹ́ kí ará ọjà rí. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ mọ́."

Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un. Lọ́dún kan, ẹnì kan ń ta èlùbọ́ lẹ́yìn ọjà lálẹ́, owó ẹ̀ rọjú ju ti gbogbo èèyàn lọ. Màmá ra ogún àpò. Òkè àpò nìkan ni wọ́n wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòkòrò ló kún ìsàlẹ̀. Wọn ò lè sọ fún ọkọ wọn. Wọ́n lọ yá owó láti fi bo àṣírí, wọ́n tún yá òmíràn láti fi san èlé ti àkọ́kọ́. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi san án.

"Kì í ṣe èlùbọ́ yẹn ló jẹ mí run," ni wọ́n wí. "Ohun tí mo fi pa mọ́ ló jẹ mí run. Ẹ lọ jí i, kẹ́ ẹ sọ fún un lálẹ́ yìí."

Ó jí i, ó sọ fún un. Ìyàwó sunkún. "Kì í ṣe 500 dọ́là ló dùn mí, Dádì. Bí ẹ ṣe ń bá mi jà lórí ohun tí ẹ ti ṣe tán ló dùn mí." Ọkọ bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Láàárọ̀, ìyàwó wá àwòrán ilé yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó bá àwòrán kan náà ní ìlú mìíràn, lórúkọ onílé mìíràn. Wọ́n pe báǹkì. Báǹkì ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi fi owó náà ránṣẹ́, ó ṣòro láti gbà á padà. Wọ́n fi ẹjọ́ sùn ní Federal Trade Commission, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gba ẹ̀sùn irú jìbìtì bẹ́ẹ̀. Dọ́là 500 lọ, àmọ́ 700 ṣẹ́ kù, ilé ò sì tú.

BÍ WỌ́N ṢE PÍN IN

Àárín méjì ni wọ́n fi àbọ̀ sí. Alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ilé. Alẹ́ méjì tó kẹ́yìn, yàrá ẹlẹ́bí ní Art of Animation.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò fi ojú àwòrán ra ilé. Ní Florida, ilé tí wọ́n bá ń háyà fún àlejò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Department of Business and Professional Regulation. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà ṣeé yẹ̀ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó wà níbẹ̀. Orí ibi tí wọ́n ti rí ilé náà gan-an ni wọ́n ti sanwó, káàdì báǹkì ni wọ́n sì fi san án. Ìyàwó tún ní òun ò ní gba ilé tí kò bá sí ọgbà yí odò ìlúwẹ̀ẹ́ ká. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ̀ pé ikú omi ló ń pa ọmọ ọdún 1 sí 4 jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Ní ti hòtẹ́ẹ̀lì, ìyàwó rí ohun kan tó dùn mọ́ Màmá nínú. Àǹfààní wíwọlé ṣáájú èrò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí èèyàn bá dé, ó sì máa ń wà títí di ọjọ́ tó ń lọ. Ẹni tó sùn alẹ́ kan ṣoṣo lè fi wọ ọgbà fún ọjọ́ méjì. Tó bá dé láàárọ̀ tí yàrá ò tíì ṣetán, á fi ẹrù lé wọn lọ́wọ́, á máa lọ gbafẹ́ ẹ̀. Alẹ́ kan ni wọn ì bá gbà, àmọ́ Màmá kọ̀. "Ẹni tó fẹ́ wakọ̀ 1,000 máìlì ò gbọdọ̀ ti inú eré bọ́ sídìí mọ́tò. Ẹ jẹ́ kó sùn kó tó wakọ̀." Owó alẹ́ kejì yẹn, Màmá ló san án nínú owó àjọ wọn. Ọkọ kọ̀ ọ́ títí, wọn ò gbà fún un.

ÌGBÀ TÍ WỌ́N DÉ BẸ̀

Ilé náà rí bí wọ́n ṣe sọ. Èlùbọ́ Bódìjà tí Màmá gbé wá di àmàlà, gbogbo ilé jẹ àjẹyó. Àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ títí ọwọ́ wọn fi hunjọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbé ẹrù fún hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kùtù, bọ́ọ̀sì sì já wọn sí ìtòsí ẹnu ọ̀nà Magic Kingdom. Wọ́n háyà kẹ̀kẹ́ ìjókòó fún Màmá nínú ọgbà. Wọ́n ṣeré títí di ọ̀sán. Ìgbà náà ni oòrùn July bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ata, àbíkẹ́yìn ń sunkún, obìnrin ọmọ ọdún 7 ní orí ń fọ́ òun. Ojú ọ̀run ṣú, àrá sán, òjò ọ̀sán tí Florida fi ń kí àlejò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn dé. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sí yàrá, gbogbo wọn sùn wákàtí méjì. Nírọ̀lẹ́, ara ti bọ̀ sípò, wọ́n padà lọ wo iná tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run.

Ọkọ wo Màmá níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ó ní: "Tó bá jẹ́ Kissimmee la sùn, a ò bá ti lọlé láti ọ̀sán, a ò sì ní padà wá mọ́."

"Wákàtí méjì yẹn lẹ sanwó fún," ni Màmá wí. "Ìyókù, bẹ́ẹ̀dì ni."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní Animal Kingdom, ìyàwó ní kí wọ́n yà wo Animal Kingdom Lodge, hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tí wọn ò lè sùn sí. Ẹni tí kò sùn níbẹ̀ náà lè wọlé lọ jẹun, kó sì wo àwọn ẹranko láti ìta gbangba. Bí wọ́n ṣe wọ gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀, Màmá dúró lójijì. Eégún Ìjẹlẹ̀ ti ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n rí, ó ga fíofío, aṣọ aláràbarà ló bò ó látòkè délẹ̀. Ìjẹlẹ̀ yìí náà ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé pa mọ́, ní ọdún 2009.

"Ẹ ò rí eégún ará ilé wa!" ni Màmá kígbe. "Òun náà rìnrìn àjò, ibi tó dáa ló sì gbà sùn."

Ẹ̀KỌ́ IBẸ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹbí lọ síbi eré, ì báà jẹ́ Orlando, ì báà jẹ́ ibi tó súnmọ́lé, kó kọ́kọ́ ka iye èèyàn, kó ka iye alẹ́, kó sì ka iye ọjọ́ tí wọ́n máa wọ ọgbà. Kó wo ẹni tí ara ẹ̀ ṣaláìlágbára jù nínú wọn, arúgbó tàbí ọmọ ọwọ́, kó fi ìrìn tiẹ̀ wọn ọ̀nà. Kó ṣírò owó dé ìsàlẹ̀ kó tó sọ pé ó wọ́n tàbí ó rọjú. Kó má sì tìtorí owó pọ́ọ́kú tẹ̀lé ẹni tó pè é kúrò lójú ọjà.

Lékè gbogbo ẹ̀, kí ọkọ má fi owó tó ti san pa mọ́ fún ìyàwó, kí ìyàwó má fi pa mọ́ fún ọkọ. Òkè àpò kọ́ là ń wò ra èlùbọ́. Ìsàlẹ̀ ni kòkòrò ń gbé.